Ọ̀rá Rere Inú Ẹ̀jẹ̀ Aránṣọ

"Ẹ dá máṣíìnì dúró! Gbogbo yín, ẹ dá a dúró ná, kí ẹ gbọ́ ìròyìn ayọ̀!"

Bàbá kò tíì wọ inú ṣọ́ọ̀bù tán tó ti ń pariwo. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ méjèèjì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì, ariwo tó ti ń dún láti àárọ̀ sì rọlẹ̀ wọ̀ọ̀. Awakọ̀ kan tó wá gba ṣòkòtò rẹ̀ dúró níwájú dígí, ẹsẹ̀ kan nínú ṣòkòtò, ẹsẹ̀ kan níta. Ọmọbìnrin Bàbá jókòó sídìí tábìlì tí wọ́n ti ń gé aṣọ, ó ń tú ojú rírán aṣọ ilé-ìwé kan tí wọ́n fẹ́ tún rán. Ó gbójú sókè.

"Ọ̀dọ̀ dókítà ni mo ti ń bọ̀," ni Bàbá wí. "Wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò. Ọ̀rá kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn tí wọ́n ń pè ní kọlẹsitẹrọ́ọ̀lù. Ó ní èyí tó dáa, ó ní èyí tí ò dáa. Èyí tó dáa nínú ẹ̀jẹ̀ tèmi pọ̀ débi pé dókítà ní òun kì í sábà rí irú rẹ̀!"

Awakọ̀ náà ṣí ọwọ́ méjèèjì láti pàtẹ́wọ́, ni ṣòkòtò bá já bọ́ sílẹ̀. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín.

Irú ènìyàn tí Bàbá jẹ́ nìyẹn. Ibi tó bá wà, ẹ̀rín ò ní wọ́n níbẹ̀. Ó-bá-ọ-mu ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí pé kò sí aṣọ kan tó rán rí tí kò ní fi ọwọ́ nà án léjìká oníbàárà, kó sì sọ pé, "Ó bá ọ mu!", kódà bí ọrùn aṣọ náà bá ń fún onítọ̀hún lọ́fun. Aránṣọ gidi ni ṣá. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, kì í sì í já àdéhùn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìjókòó ni iṣẹ́ náà. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ìka ọwọ́ àti ọmọ ìka ẹsẹ̀ tó fi ń tẹ máṣíìnì oníná rẹ̀ nìkan ló máa ń rìn. Bó bá dìde, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ló ń lọ láti lọ fa sìgá.

Ọmọbìnrin rẹ̀ ní tirẹ̀ wà ní kíláàsì àṣekágbá nílé-ìwé girama. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni Bàbá ń pè é láti kékeré, torí pé ìbéèrè kì í tán lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò kìíní nínú bàọ́lọ́jì, orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ọn bí ẹni fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Àwọn olùkọ́ pàápàá ò pè é ní nǹkan mìíràn mọ́.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣàlàyé fún wọn," ni Bàbá wí. Ó fa àga, ó jókòó, ó na ẹsẹ̀. "Kí niṣẹ́ ọ̀rá rere yìí?"

Ọmọ náà gbé aṣọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ wọn ní kíláàsì ni, ó sì mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀.

"Bàbá, kò sí bí ara wa ò ṣe ní í ní ọ̀rá. Ó ń lò ó láti fi tún ara rẹ̀ kọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rá ò lè dá rìn nínú ẹ̀jẹ̀, ó ní ohun tó ń gbé e. Èyí tí wọ́n ń pè ní ọ̀rá burúkú ló ń gbé e káàkiri. Bó bá ti pọ̀ jù, ńṣe ni á máa já a sílẹ̀ sára ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀. Á máa dì síbẹ̀, á máa nípọn, ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá á wá máa há. Ọ̀rá rere ní tirẹ̀ dà bí agbálẹ̀. Á máa kó èyí tó ti lẹ̀ mọ́ ògiri, á gbé e padà lọ sínú ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ á sì wá bí á ṣe tì í jáde kúrò nínú ara."

"Ẹ ò rí nǹkan!" ni awakọ̀ náà wí. Ó ti fa ṣòkòtò rẹ̀ sókè báyìí, ó fi ọwọ́ kan dì í mú. "Ọmọ yìí ti jẹ ìwé yó."

Ojú Bàbá ń dán. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó sì fa páálí oògùn kékeré kan jáde. "Ó dáa. Dókítà tún ní ọ̀rá burúkú mi náà ga. Ó ní kí n máa lo èyí ní ìrọ̀lẹ́, kí n máa rìn káàkiri, kí n sì jáwọ́ nínú sìgá." Ó ń sọ èyí wéréwéré, bí ẹni tó ń jíṣẹ́ ẹlòmíràn. "Ṣùgbọ́n bí agbálẹ̀ bá ti kún inú ẹ̀jẹ̀ mi fọ́fọ́ báyìí, ìdọ̀tí wo ló tún lè dúró? Kí ni mo fẹ́ fi oògùn ṣe? Ọ̀jọ̀gbọ́n, ìwọ ni mò ń bi."

Gbogbo ojú yí sí ọmọ náà.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé kò mọ̀ ọ́n. Ibi ọ̀rọ̀ agbálẹ̀ yẹn ni ẹ̀kọ́ wọn parí sí. Èsì tó yẹ wà lórí ahọ́n rẹ̀, èsì kékeré báyìí: mi ò mọ̀, Bàbá, ẹ padà lọ bi dókítà. Ṣùgbọ́n awakọ̀ ń wò ó, àwọn ọmọ iṣẹ́ ń wò ó, Bàbá sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, irú ẹ̀rín tó máa ń rín bó bá rán kóòtù kan tán tó gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀. Kò fẹ́ kí ẹ̀rín yẹn kúrò lójú rẹ̀.

"Bí agbálẹ̀ bá pọ̀, Bàbá, ibẹ̀ á kúkú mọ́ náà ni," ló bá wí.

"Ọ̀rọ̀ ti bùṣe!" Bàbá ju oògùn náà sínú dúrọ́ọ̀ tí wọ́n ń kó bọ́tìnì àti síìpù sí, ó ti dúrọ́ọ̀, ó mú ìṣáná, ó sì gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù lọ.

Láti ọjọ́ yẹn, Bàbá ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù. Bí ìyá ọmọ náà, tó ń ta ìwé ní ilé-ìtàwé kan nítòsí pápá bọ́ọ̀lù, bá bi í bóyá ó ti lo oògùn rẹ̀, èsì kan náà ló máa ń fún un: "Ọ̀jọ̀gbọ́n ti dá mi sílẹ̀, kò sí ẹjọ́ lọ́rùn mi."

"Ṣé lóòótọ́ ni?" ni Màmá bi ọmọ náà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n ń jẹun.

Ọmọ náà tẹjú mọ́ abọ́ rẹ̀. "Ohun tí wọ́n kọ́ wa nìyẹn, Màmá."

Màmá wò ó díẹ̀ sí i, ó sì bu omi mu.

Kò pẹ́ tí ilé-ìwé yan Ọ̀jọ̀gbọ́n láti ṣojú wọn nínú ìdíje ọ̀rọ̀ sísọ láàárín àwọn ilé-ìwé. Bí a ṣe lè tọ́jú ọkàn wa ni kókó ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí Bàbá gbọ́, ó fò sókè, ó lu orí mọ́ gílóòbù tó so rọ̀ lókè máṣíìnì rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọn èjìká ọmọ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, torí pé kò ní í gbà kó wọ aṣọ ilé-ìwé àtijọ́ lọ síbẹ̀.

Ọmọ náà lọ bá olùkọ́ bàọ́lọ́jì wọn kó ràn án lọ́wọ́. Wọ́n jókòó sínú yàrá tí wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò, láàárín àwọn ìgò àti àwòrán egungun. Nígbà tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ó béèrè bí ẹni pé ọ̀rọ̀ àjèjì kan ni:

"Tíṣà, ẹni tí ọ̀rá rere rẹ̀ bá pọ̀ gan-an, ṣé àìsàn ọkàn ò lè ṣe é mọ́?"

Olùkọ́ náà mi orí. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Rárá o. Iye agbálẹ̀ tó wà níta kò sọ fún ọ bóyá wọ́n ń gbálẹ̀ tàbí wọ́n kàn fara ti ìgbálẹ̀. Ẹlòmíràn lè ní in rẹpẹtẹ torí bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn, kó máà sì ṣe iṣẹ́ tó yẹ kó ṣe. Bí onítọ̀hún bá tún wá ń fa sìgá, sìgá a máa bà á jẹ́. Àwọn onímọ̀ tilẹ̀ ti ṣe oògùn tó ń mú ọ̀rá rere pọ̀ sí i. Ó pọ̀ sí i lóòótọ́, àmọ́ àìsàn ọkàn ò torí ẹ̀ dín kù bí wọ́n ṣe rò. Ohun tó dájú jù ni kéèyàn mú èyí tó burú wálẹ̀. Ẹni tí dókítà bá fún ní oògùn, kó yáa lò ó." Ó wojú ọmọ náà. "Kí ló dé tó o fi béèrè?"

"Kò sí nǹkan kan, Tíṣà."

Bí wọ́n ṣe ń lọ sílé, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Tẹ́ẹ́rẹ́, ọmọ gíga kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn bí ẹni gun ọ̀pá.

"Lọ sọ fún Bàbá ẹ lónìí," ni Tẹ́ẹ́rẹ́ wí. "Kó o tó bọ́ bàtà."

"Mo máa sọ. Jẹ́ kí ìdíje kọjá ná."

"Kí ló kan ìdíje níbẹ̀?"

"Gbogbo àdúgbò ni Bàbá ti sọ fún! Aṣebàtà ní ìkóríta ń bẹ́rí fún mi bí mo bá ń kọjá. Ṣé kí n wá lọ sọ fún wọn báyìí pé mo kàn sọ̀rọ̀ ni?"

Tẹ́ẹ́rẹ́ fi ẹsẹ̀ gbá òkúta kan lójú ọ̀nà. Wọ́n rìn títí wọ́n fi pínyà.

Nígbà tó wọ ṣọ́ọ̀bù, aṣọ tuntun náà wà lórí máṣíìnì, apá rẹ̀ kan ò tíì wọlé. Bàbá dìde láti wò ó mọ́ ọn lára. Ó gbé téèpù lé e léjìká, ó sì dúró lójijì. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra àyà rẹ̀.

"Kí ló dé, Bàbá?"

"Afẹ́fẹ́ ni. Mo sáré jẹun ni." Ó mí kanlẹ̀, ó tún rẹ́rìn-ín. "Dúró ṣánṣán, kí èjìká yìí má wọ́ lọ́jọ́ tí ayé ń wò ọ́."

Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀fun ọmọ náà. Ó tún gbé e mì. Ọjọ́ ìdíje kò kúkú jìnnà mọ́.

Gbọ̀ngàn òkè nílé-ìwé kan láàárín ìgboro ni wọ́n ti ṣe ìdíje náà. Àwọn ilé-ìwé kún ibẹ̀ dẹ́múdẹ́mú, fáànù ń yí lókè, wọn ò sì mú ibẹ̀ tutù. Ọ̀jọ̀gbọ́n wà lórí ìjókòó níwájú pẹ̀lú àwọn olùdíje yòókù, aṣọ tuntun rẹ̀ rọ̀ mọ́ ọn lára rẹ́gí. Ó ti mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí. Àga tí Tẹ́ẹ́rẹ́ gbà sílẹ̀ fún Bàbá ló ń wò, àga náà ṣófo. Màmá ti sọ pé òun ò lè tètè kúrò níbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n Bàbá ti búra pé iwájú lòun máa jókòó sí.

Wọ́n pe orúkọ ilé-ìwé tó ṣáájú tiwọn. Ọmọkùnrin náà sọ̀rọ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìgbà yẹn ni Tẹ́ẹ́rẹ́ yọjú lẹ́nu ọ̀nà, tó ń fa ara kọjá láàárín àwọn èèyàn títí ó fi dé ẹ̀gbẹ́ pèpéle.

"Bàbá ẹ jókòó sórí àtẹ̀gùn," ló sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Wọn ò lè gòkè mọ́. Wọ́n ní kí n má sọ fún ẹ. Wọ́n ní kó o kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ tán."

Lẹ́sẹ̀ kan náà, olóòtú ìdíje gbé gbohùngbohùn sẹ́nu, ó sì pe orúkọ ilé-ìwé wọn. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ hó yèè. Olùkọ́ wọn ń ṣẹ́wọ́ sí i pé kó máa bọ̀ wá síwájú.

Ọ̀jọ̀gbọ́n dìde. Ó wo gbohùngbohùn, ó wo ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ló sọ̀ kalẹ̀ láti orí pèpéle, ó sì gba àárín gbọ̀ngàn sáré jáde, Tẹ́ẹ́rẹ́ sì tẹ̀ lé e.

Bàbá wà ní àárín àtẹ̀gùn, ó fi ẹ̀gbẹ́ ti ògiri. Òógùn bò ó lójú bí ẹni tí wọ́n da omi lé lórí. Ọwọ́ kan wà láyà rẹ̀, ó fi ìkejì di àgbọ̀n ìsàlẹ̀ mú.

"Padà lọ," ló wí. Ohùn rẹ̀ ò ròkè. "Afẹ́fẹ́ ni. Padà lọ, wọ́n ń pè ọ́."

"Kì í ṣe afẹ́fẹ́, Bàbá."

Ó mọ̀ ọ́n dájú. Ìrora tó ń tẹ àyà bí ẹni gbé òkúta lé e, tó ń gba apá àti àgbọ̀n, òógùn, àìlèmí dáadáa: gbogbo rẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ lókè. Ó tú bọ́tìnì ọrùn Bàbá, ó jẹ́ kó fara ti ògiri dáadáa. Nígbà tí Bàbá fẹ́ dìde láti sọ̀ kalẹ̀, ó dì í mú.

"Ẹ má dìde, Bàbá. Ẹ má gbé ẹsẹ̀ kan. Tẹ́ẹ́rẹ́, sáré pe Tíṣà, kí wọ́n fi fóònù pe ọkọ̀ ilé-ìwòsàn!"

Olùkọ́ náà sọ̀ kalẹ̀ wá, ó ń mí helehele. "Bóyá ó rẹ̀ wọ́n ni. Ẹ jẹ́ ká fún wọn lómi ká sì wò ó ná."

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ọkàn ni. Ẹ má jẹ́ ká wo nǹkan kan." Ó tọ́ka sí fóònù tó wà lápò Tíṣà. "Ẹ bá wa pè wọ́n báyìí."

Olùkọ́ náà wojú Bàbá lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì fa fóònù yọ.

Nínú ọkọ̀ tó gbé wọn lọ, nọ́ọ̀sì kan fi nǹkan bo Bàbá nímú, ó so okùn mọ́ ọn láyà, ó sì ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ṣé oògùn kan wà tí ẹ ń lò, Bàbá?"

Bàbá wo ọmọ rẹ̀. "Wọ́n fún mi ní ti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀," ló wí, ó ń wá èémí. "Mò ń lò ó. Mò ń lò ó dáadáa."

Ọmọ náà mọ ìdí tó fi parọ́. Ó ń dáàbò bò ó ni, níbi tó dùbúlẹ̀ sí yẹn. Omijé kún ojú rẹ̀.

"Wọn ò lò ó, Nọ́ọ̀sì," ló wí. "Wọn ò fi ẹnu kàn án rí. Èmi ni mo sọ fún wọn pé wọn ò nílò rẹ̀. Wọ́n sì ń fa sìgá lójoojúmọ́."

Nọ́ọ̀sì náà fi orí dá a lóhùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ sínú rédíò ọkọ̀ sí àwọn tó ń dúró dè wọ́n.

Lórí àga gígùn níwájú yàrá iṣẹ́ abẹ ni Màmá ti bá a. Épúróònù ilé-ìtàwé ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ọmọ náà sọ gbogbo ọ̀rọ̀ fún un, láti orí ọjọ́ ṣọ́ọ̀bù títí dé ohun tí Tíṣà sọ fún un tí kò jíṣẹ́. Màmá bọ́ épúróònù náà, ó ń ká a. Nígbà tó yá, ó fa orí ọmọ náà mọ́ èjìká rẹ̀.

"A ó sọ̀rọ̀ nílé," ló wí. "Mo bínú, mi ò ní í purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí bàbá rẹ jáde ná."

Dókítà tó jáde sí wọn ni obìnrin tó ti kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ Bàbá wò. Ó ṣí ìbòmú rẹ̀ kúrò. "Wọ́n wà láàyè, ara wọn sì ń balẹ̀. Ọ̀kan nínú iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ fún ọkàn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dí tán. A ti ọ̀nà ọrùn ọwọ́ wọn ki ọ̀pá tín-ín-rín kan wọlé débẹ̀, a là á, a sì fi páìpù kékeré kan gbà á dúró kó má tún pa dé. Ẹ tètè gbé wọn dé. Ká ní ẹ jókòó dúró, ọ̀rọ̀ mìíràn là bá máa sọ."

Màmá jókòó padà sórí àga, ó bú sẹ́kún, ó sì ń dúpẹ́ láàárín ẹkún náà.

"Dókítà," ni ọmọ náà wí, "èmi ni mo fa èyí." Ó ro ẹjọ́ náà fún un.

Dókítà jókòó tì í. "Ìwọ nìkan kọ́ lo fà á. Ọdún pípẹ́ ni ìṣòro yìí ti ń kó jọ, sìgá sì wà nídìí ẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní í sọ pé ọ̀rọ̀ rẹ ò ṣèpalára. Ohun tó o sọ nípa iṣẹ́ ọ̀rá rere, òótọ́ ni. Ìdajì òótọ́ ni. O dé ibi tí ìmọ̀ rẹ parí sí, o ò sì dúró." Ó fa ìbọ̀wọ́ rẹ̀ bọ́. "Ṣé o mọ ọ̀rọ̀ tó ṣòro fún mi jù láti sọ nígbà tí mò ń kọ́ iṣẹ́ yìí? Mi ò mọ̀. Ọ̀rọ̀ náà wúwo lẹ́nu mi bí irin. Nísinsìnyí, kò sí ọjọ́ tí mi ò ní í sọ ọ́. Bí mo bá ti sọ ọ́ tán, mo lọ wádìí nìyẹn, tàbí kí n pe ẹni tó mọ̀ ọ́n."

Nígbà tí wọ́n gbà wọ́n láàyè láti wọlé, Bàbá dùbúlẹ̀, ojú rẹ̀ ti rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì ń wo aṣọ tí wọ́n wọ̀ fún un níbẹ̀ tìbínú-tìbínú. "Ta ló rán kiní yìí? Kò ní apá, kò ní ẹ̀yìn." Ó na ọwọ́ sí ọmọ rẹ̀. "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ipò wo lo gbà?"

"Wọn ò gbọ́ ohùn mi rárá, Bàbá."

"Èmi gbọ́ ọ. Orí àtẹ̀gùn lo ti sọ tìrẹ."

Ọmọ náà kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Bàbá, ẹ forí jì mí. Mi ò mọ ìdáhùn ìbéèrè yín lọ́jọ́ yẹn. Mo sì ti mọ̀ ọ́n ṣáájú òní, mi ò sọ fún yín. Ojú ló tì mí."

Bàbá gbé ọwọ́ lé e lórí. "Dókítà tó kàwé bí ọdún mélòó sọ fún mi pé kí n jáwọ́ nínú sìgá. Mi ò gbọ́. Mo wá lọ ń bi ọmọ mi, torí mo mọ̀ pé yóò sọ èyí tó dùn mọ́ mi. Ṣé ìwọ nìkan ló jẹ̀bi nínú ìyẹn? Dìde ńlẹ̀, orúnkún rẹ á dọ̀tí, èmi ni n ó sì tún aṣọ náà rán."

Bí wọ́n ṣe tú u sílẹ̀ lọ sílé, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Kò rọrùn o. Ìrìn ò le púpọ̀: láràárọ̀, kí Ọ̀jọ̀gbọ́n tó lọ sílé-ìwé, òun àti Bàbá á jọ rìn dé ìsọ̀ àwọn káfíńtà, wọ́n á padà, nígbà tó yá wọ́n ń kọjá ibẹ̀, wọ́n ń dé pápá bọ́ọ̀lù. Oògùn náà ò le, Màmá fúnra rẹ̀ ló ń dúró tì í títí yóò fi gbé e mì. Sìgá ni ogun gidi. Nígbà tí Bàbá kọ́kọ́ pa á tì, gbogbo nǹkan ló ń bí i nínú. Ó bá síìpù jà, ó bá òwú jà, ó ní àwọn ọmọ iṣẹ́ òun ń mí sókè jù. Lọ́jọ́ kan, Ọ̀jọ̀gbọ́n bá a lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú sìgá kan tí kò tíì ṣáná sí, ó kàn ń wò ó. Wọ́n wo ara wọn. Bàbá rún un wómúwómú, ó sì dà á sínú garawa ìdọ̀tí.

"Má sọ fún màmá rẹ," ló wí.

"Mo máa sọ fún wọn," ni ọmọ náà fèsì. "Mo máa sọ pé ẹ sọ ọ́ nù."

Ọ̀jọ̀gbọ́n náà ní iṣẹ́ tirẹ̀ láti ṣe. Ó lọ bá aṣebàtà ìkóríta, ó lọ bá awakọ̀, ó lọ bá gbogbo ẹni tí Bàbá ti sọ ọ̀rọ̀ agbálẹ̀ fún, ó sì sọ fún wọn lójúkojú pé òun ṣì wọ́n lọ́nà. Aṣebàtà náà ò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ńṣe ló gbé òòlù rẹ̀ kalẹ̀, tó ní ìyàwó òun náà ní oògùn tó ti pa tì nílé, òun ń lọ rán an létí.

Nígbà tí wọ́n padà lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ Bàbá wò lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ọ̀rá burúkú ti wálẹ̀ dáadáa, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ náà ti lọ sílẹ̀. Ọ̀rá rere ò fi bẹ́ẹ̀ kúrò níbi tó wà.

Ojú Bàbá fà ro. "Dókítà, pẹ̀lú gbogbo ìrìn tí mo rìn yìí?"

Dókítà rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ọkàn yín lẹ ń rìn fún, ẹ ò rìn torí nọ́ńbà kan. Ẹ ti pa sìgá tì, ẹ ń rìn, ẹ ń lo oògùn. Ìyẹn ń jẹ́ kí ọ̀rá rere tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ yín rí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe dáadáa. Bí ẹ bá jẹ́ kó dá nìkan ṣiṣẹ́, kò lè ṣe é. Ẹ ràn án lọ́wọ́, ó máa wúlò fún yín." Ó yíjú sí Ọ̀jọ̀gbọ́n. "Ìwọ ńkọ́? Bí o bá ṣe ìdánwò àṣekágbá tán, o lè wá máa wo bí a ṣe ń ṣiṣẹ́ níbí lásìkò ìsinmi, bí o bá fẹ́."

Bàbá ló bá a dáhùn. "Ó fẹ́," ló wí. "Ẹ má bi í mọ́, ó fẹ́."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ibi tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà nìyẹn. Ó dára kéèyàn mọ nǹkan, ó sì dára kó fi ran àwọn ará ilé rẹ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti kan ẹ̀mí ènìyàn, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìyìn mú yín sọ ohun tí ẹ ò mọ̀. Bí ẹ bá sì ti ṣìnà, ẹ tètè sọ ọ́, ẹ má dúró de ọjọ́ tó rọrùn. Ọ̀rá rere a máa ran ọkàn lọ́wọ́ ní tòótọ́, àmọ́ kò rọ́pò oògùn tí dókítà fúnni, kò sì lè ru ẹrù sìgá àti ìjókòó ojú kan.

Wọn ò wọ ọkọ̀ nígbà tí wọ́n ń padà sílé lọ́jọ́ náà. Ọ̀nà kan wà tó gun òkè díẹ̀ lẹ́yìn ilé-ìwòsàn, Bàbá sì ní ibẹ̀ ni kí àwọn gbà. Kò pẹ́ tó fi ṣáájú. Ọ̀jọ̀gbọ́n, tí ìwé ìdánwò ti mú jókòó fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, dúró láàárín ọ̀nà, ó di ẹ̀gbẹ́ mú, ó ń mí.

Bàbá bojú wẹ̀yìn láti òkè. "Gbé ẹsẹ̀ jàre!" ló kígbe, ẹ̀rín sì gba ẹnu rẹ̀. "Ṣé kí n wá gbé ọ ni?"

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó tún ẹsẹ̀ gbé, ó sì sáré lọ bá a.